Àkójọ Ẹgbẹ́ Tí Ìyá Kọ́kọ́rọ́ Tò

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ni gbogbo òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn náà ń pè é, kì í sì í ṣe pé ó ń gbé kọ́kọ́rọ́ kiri. Kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ gan-an, ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ló máa ń wà, nítorí pé bí ó bá wà lọ́wọ́ ìyàwó, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni yóò ti ilẹ̀kùn kan ṣoṣo kí wọ́n tó kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rù máa ń bà á. Ẹ má ṣe pè é ní ojo; ojo a máa sá, òun kì í sá. Ohun tí òun máa ń ṣe ni pé kí ó padà lọ wò ó. Bí ó bá dáná tán, yóò padà lọ wo iná. Bí ó bá fi lẹ́tà ránṣẹ́, yóò tún ka lẹ́tà tí ó ti lọ. Ọkọ rẹ̀, tí ó ń wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé, máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé lọ́jọ́ tí ìyàwó òun bá dé ọ̀run, ẹnu ọ̀nà ni yóò dúró sí, tí yóò máa mi ilẹ̀kùn wò bóyá wọ́n tì í dáadáa.

Iṣẹ́ rẹ̀ ló fún un lórúkọ. Yàrá ìtọ́jú mọ́kànlá ló wà ní ilé ìwòsàn náà, ohun gbogbo tí wọ́n bá sì ṣe fún aláìsàn, inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń kọ ọ́ sí: oògùn tí wọ́n fún un, ìwọ̀n rẹ̀, aago tí wọ́n fún un, àti ẹni tí ó fún un. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ kì í fọwọ́ kan aláìsàn. Ọ́fíìsì kékeré kan ló ń jókòó sí ní ìsàlẹ̀ ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá ìfọṣọ, níbi tí ògiri ti máa ń gbóná láti aago mẹ́jọ àárọ̀. Òun ló ń kọ àwọn ètò tí ń sọ fún kọ̀ǹpútà ẹni tí ó lè ṣí ohun kan àti ẹni tí kò lè ṣí i.

Ọ̀nà tí ó ń gbà ṣe é kò le. Yàrá ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹgbẹ́ kan. Yàrá ìdánwò ẹ̀jẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ́, ilé oògùn jẹ́ ẹgbẹ́, àwọn nọ́ọ̀sì tí ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn níṣẹ́ náà ní ẹgbẹ́ tiwọn. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Bí nọ́ọ̀sì bá wọlé sórí kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà yóò ka àkójọ àwọn ẹgbẹ́ tí ó wà, yóò sì so àkójọ náà mọ́ ọn lọ́rùn títí tí yóò fi jáde. Ohun kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí á fi sọ́kàn: ẹgbẹ́ tí ó bá wà níwájú nínú àkójọ ni ilé ẹni náà. Ohunkóhun tí nọ́ọ̀sì bá kọ, ẹgbẹ́ iwájú yẹn ló ni ín, àwọn tí ó bá wà nínú ẹgbẹ́ náà nìkan ló sì lè rí i, pẹ̀lú òun tí ó kọ ọ́. Nọ́ọ̀sì yàrá kẹrin kọ ọ́, nọ́ọ̀sì yàrá kẹrin tí ó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kà á. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ fúnra rẹ̀ ló fi òfin yẹn lélẹ̀ ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn.

Àtúnwí ló dá wàhálà sílẹ̀. Ọ́fíìsì méjì ló ń fi orúkọ ránṣẹ́ sí i: ọ́fíìsì tí ń gba òṣìṣẹ́, àti ọ́fíìsì olórí nọ́ọ̀sì. Bí nọ́ọ̀sì kan bá ṣí láti yàrá kan lọ sí òmíràn, àwọn méjèèjì á kọ ọ́. Bí ó bá padà, àwọn méjèèjì á tún un kọ. Kò sẹ́ni tí ń pa nǹkan kan rẹ́. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ kan náà a máa wà nínú àkójọ ẹnì kan nígbà mẹ́ta, nígbà mẹ́rin. Àwọn kan á ní kí ló burú níbẹ̀, ṣebí ẹni tí a pè lẹ́ẹ̀mejì kò lè sọ pé òun kò gbọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlà mẹ́rìndínlógún péré ni kọ̀ǹpútà náà lè kà nínú àkójọ ẹnì kan. Èyí tí ó bá lé, yóò gé e sọnù láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ní yàrá kẹsàn-án ló kọ́kọ́ fara kó o. Ẹgbẹ́ mẹ́tàlá ni nọ́ọ̀sì náà wà ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ìlà méjìlélógún ló wà nínú àkójọ rẹ̀, yàrá ìdánwò ẹ̀jẹ̀ sì bọ́ sí ìlà ogún. Èsì ẹ̀jẹ̀ kò ṣí fún un mọ́, ni nọ́ọ̀sì náà, tí kọ̀ǹpútà wà níwájú rẹ̀, bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn lọ gba èsì bí ìgbà ìwáṣẹ̀.

Ọ̀gá ọ́fíìsì wọn, ọkùnrin kan tí kì í pariwo tí kì í sì í rẹ́rìn-ín, ní kí Ìyá Kọ́kọ́rọ́ kọ ètò tí yóò yọ àtúnwí kúrò nínú àkójọ gbogbo òṣìṣẹ́, kí ó sì kọ́kọ́ dán an wò lára ẹnì kan. Èyí tí ó sọ gbẹ̀yìn yẹn, ó kàn fi ẹnu rẹ̀ ṣòfò ni.

Ọ̀nà tí ó yá jù láti mọ àtúnwí ni pé kí á to àwọn nọ́ńbà náà, láti orí èyí tí ó kéré dé orí èyí tí ó pọ̀. Bí a bá ti tò wọ́n, àwọn tí ó jọra á dúró ti ara wọn. Ohun tí ó kù ni kí á wo ìlà kan àti èyí tí ó tẹ̀ lé e; bí wọ́n bá jẹ́ ọ̀kan náà, kí á pa ìkejì rẹ́. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí mọ̀ ọ́n, Ìyá Kọ́kọ́rọ́ sì ti ṣe é fún ọdún méjìlélógún. Ó kọ ọ́. Ó dán an wò lára nọ́ọ̀sì yàrá kẹsàn-án. Ìlà méjìlélógún di mẹ́tàlá, kò sí èyí tí ó sọnù, kò sí èyí tí ó tún ara rẹ̀ wí. Ó kà á, ó tún un kà. Ó pe nọ́ọ̀sì náà lórí fóònù, èsì ẹ̀jẹ̀ ti ṣí, obìnrin náà sì ṣàdúrà fún un títí fóònù fi fẹ́ẹ́ jó o létí. Ní ọjọ́ kejì, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, Ìyá Kọ́kọ́rọ́ fi ẹ̀dà àkójọ àtijọ́ pamọ́, ó sì tú ètò náà sílẹ̀ sórí òṣìṣẹ́ ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá. Kò gbà á ní ìṣẹ́jú kan. Kò sẹ́ni tí ó pè é, kò sẹ́ni tí ó ráhùn.

Nígbà tí aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú, ó ti jẹun tán, ó ń wo àwọn ìlà tí wọ́n ti kọ láti àárọ̀. Kò wá nǹkan kan pàtó. Ó rí yàrá kẹrin: bẹ́ẹ̀dì keje, abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹni tí ó kọ ọ́: nọ́ọ̀sì àárọ̀, yàrá kẹrin. Ẹgbẹ́ tí ó ni ín: àwọn olùkọ́ nọ́ọ̀sì.

Ó tún ìlà ìgbẹ̀yìn yẹn kà.

Nọ́ọ̀sì àárọ̀ ní yàrá kẹrin wà lára àwọn olùkọ́. Nọ́ńbà ẹgbẹ́ olùkọ́ ni mẹ́rìnlá, nọ́ńbà yàrá kẹrin ni ọgbọ̀n. Nígbà tí ètò to àkójọ rẹ̀, mẹ́rìnlá bọ́ síwájú, ọgbọ̀n lọ sẹ́yìn, ilé obìnrin náà sì yí padà láìjẹ́ pé ó mọ̀. Láti aago mẹ́wàá, gbogbo ohun tí ó kọ, àwọn olùkọ́ ló ń kọ ọ́ fún. Nọ́ọ̀sì yàrá kẹsàn-án tí wọ́n fi dán an wò kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré sí ti yàrá rẹ̀. Ara ẹni tí kò lè bàjẹ́ ni Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ti dán an wò.

Aago méjì ni nọ́ọ̀sì ọ̀sán ń gbaṣẹ́. Nọ́ọ̀sì ọ̀sán kì í ṣe olùkọ́. Bí ó bá ṣí ojú ìwé bẹ́ẹ̀dì keje, yóò rí i pé dókítà pàṣẹ abẹ́rẹ́ kan lójúmọ́, yóò rí i pé ẹnikẹ́ni kò tíì fún un, yóò sì fún un. Wọ́n la ẹsẹ̀ ẹni tí ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Bí ó bá gba abẹ́rẹ́ náà lẹ́ẹ̀mejì, tí ojú ọgbẹ́ bá ṣí, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò níí mọ bí a ṣe ń dúró.

Lóòótọ́, àwọn nọ́ọ̀sì máa ń fẹnu sọ̀rọ̀ fún ara wọn bí wọ́n bá ń gbaṣẹ́. Àmọ́ láti ìgbà tí kọ̀ǹpútà ti dé, ọ̀rọ̀ ẹnu ti dín kù: ta ni ara rẹ̀ le sí i, ta ni ó ń lọ sílé. Ọ̀rọ̀ oògùn, kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń wò. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ wà níbi ìpàdé tí wọ́n ti fẹnu kò lé e lórí. Ó pàtẹ́wọ́.

Ohun tí ó tilẹ̀ mú àyà rẹ̀ já jù ni pé kò sí ariwo kankan. Nọ́ọ̀sì kọ ọ̀rọ̀, ó rí ohun tí ó kọ, nítorí pé òun ló kọ ọ́. Kò sí iná pupa, kò sí ẹni tí yóò pe fóònù. Ilé ìwòsàn ń lọ bó ṣe ń lọ lójoojúmọ́, ó sì ku ogójì ìṣẹ́jú.

Ó dá àkójọ àtijọ́ padà, ìyẹn kò pẹ́. Kò sì tó. Kọ̀ǹpútà a máa lé ẹnikẹ́ni tí kò bá fọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jáde, nítorí náà gbogbo nọ́ọ̀sì ló ti jáde tí wọ́n sì ti tún wọlé láti aago mẹ́wàá. Àkójọ tí ó bàjẹ́ ṣì wà lọ́rùn wọn, kò sì ní kúrò níbẹ̀ àyàfi bí wọ́n bá tún jáde. Àwọn ìlà tí wọ́n sì ti kọ, wọn kò níí mọ̀ pé a ti tún nǹkan ṣe. Ó kọ ètò mìíràn tí yóò mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan padà sílé wọn. Ó ṣì í kọ lẹ́ẹ̀mejì, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ. Nígbà tí ó tú u sílẹ̀, ó ń lọ bí ẹni tí ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Ìlà tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún ló wà níwájú rẹ̀. Kò lè parí kí aago méjì tó lù. Nínú gbogbo rẹ̀, mọ́kànlélógójì jẹ́ ti oògùn tí a kò gbọdọ̀ fún ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́.

Ó lọ bá ọ̀gá. Ọ̀gá gbọ́ ọ títí dé òpin, ó wo aago ara ògiri, ó ní kí ó jẹ́ kí ètò máa ṣiṣẹ́ lọ. Kó tó di aago méjì àbọ̀, gbogbo rẹ̀ á ti bọ́ sípò, kò sì níí sẹ́ni tí yóò mọ̀. Ó ní ṣé ó ti gbàgbé ẹni tí olórí nọ́ọ̀sì jẹ́ ni? Ọdún méjì gbáko ni obìnrin náà fi bá wọn jà pé òun kò fẹ́ kí wọ́n kó ìwé lọ, kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà rọ́pò rẹ̀. Bí ó bá gbọ́ èyí, àti kọ̀ǹpútà àti àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ni yóò kó dà síta.

"Ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà," ni ọ̀gá wí.

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ dúró. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin náà sọ nípa olórí nọ́ọ̀sì. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni òun. Bí wọ́n bá lé e níbí nítorí irú èyí, ta ni yóò tún fi kọ́kọ́rọ́ ohunkóhun sí i lọ́wọ́? Ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣì wà nílé ìwé. Ara rẹ̀ ń sọ fún un pé kí ó jókòó. Àga wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ọ̀gá," ni ó wí, ohùn rẹ̀ kò sì ga, "ọbẹ̀ yìí ò sí níkùn tiwa. Ikùn aláìsàn ló wà."

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ orúkọ àwọn mọ́kànlélógójì náà jáde. Ojú ìwé kejì há, ó fà á, ó ya, ó tún un tẹ̀. Fóònù olórí nọ́ọ̀sì ń dún pé wọ́n ń lò ó. Ó mú ìwé, ó gba àtẹ̀gùn.

Olórí nọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé fóònù sílẹ̀ nígbà tí ó wọlé. Obìnrin kúkúrú kan ni, dígí rẹ̀ wà lórí irun, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Ó ní, "Ìyá Kọ́kọ́rọ́, ta ló ń lé yín?"

"Mà, mo ṣe àṣìṣe kan láàárọ̀ yìí. Ó lè pa èèyàn."

Ó ti ń dúró de ariwo. Ariwo kò wá. Olórí nọ́ọ̀sì fa dígí rẹ̀ sílẹ̀ sójú, ó gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ó béèrè ìbéèrè méjì péré: ṣé gbogbo àwọn tó wà níbí ló ti gba oògùn? Ṣé gbogbo wọn ni nọ́ọ̀sì ọ̀sán kò níí rí? Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó gbé fóònù. Ó sọ fún yàrá kìn-ín-ní pé kí wọ́n dáwọ́ oògùn dúró, kí nọ́ọ̀sì àárọ̀ má ṣe lọ sílé, kí gbogbo wọn jáde lórí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n má sì gba ohun tí kọ̀ǹpútà ń sọ gbọ́ títí òun yóò fi tún pè. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún yàrá kejì. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀kẹta. Ó pe yàrá kẹrin, fóònù dún títí, kò sẹ́ni tí ó gbé e. Ó tún un pè.

"Ẹ máa sáré lọ," ni ó wí, kò gbójú sókè. "Èmi ò lè kúrò nídìí èyí. Yàrá méje ló kù."

Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ kì í sáré. Láti ìgbà tí ó ti bí ọmọ, kò sẹ́ni tí ó rí i kí ó sáré. Ó sáré. Bàtà rẹ̀ kan bọ́ sẹ́nu ọ̀nà yàrá ìyàwòrán egungun, ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí ó ń rí lójú rẹ̀ ni aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun tí pupa ń tàn kálẹ̀ lára rẹ̀ láti abẹ́ wá, díẹ̀díẹ̀, tí ẹni tí ó sùn lórí rẹ̀ kò sì mọ̀. Ọkùnrin kan tí ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn yà fún un, ó ní kí ó rọra, ilé ìwòsàn kò níí sá lọ. Ó ń gbọ́ fóònù yàrá kẹrin kí ó tó débẹ̀. Ó ń dún lórí tábìlì, kò sẹ́ni nídìí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì àárọ̀ ti bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó ti lọ.

Nọ́ọ̀sì ọ̀sán wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì keje. Nọ́ọ̀sì Gíga ni wọ́n ń pè é, ọmọbìnrin tí ó ní láti tẹ̀ kí ó tó lè gbọ́ ohun tí aláìsàn ń sọ. Ó máa ń tètè dé ibi iṣẹ́. Lọ́jọ́ mìíràn, ìyìn nìyẹn ì bá jẹ́. Abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ṣí i. Ẹni tí ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì jẹ́ bàbá arúgbó kan, aránṣọ, ó di aṣọ rẹ̀ mú mọ́ ikùn pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Wọ́n ti gún mi," ni Bàbá Aránṣọ ń wí.

"Bàbá, àná lẹ ń sọ."

"Àná ni wọ́n gún mi. Òní náà, wọ́n gún mi. Ṣé orí mi ti dàrú ni? Àádọ́ta ọdún ni mo fi ń ti abẹ́rẹ́ bọ aṣọ. Ṣé èmi ni abẹ́rẹ́ á wọ̀ lára tí n ò níí mọ̀?"

Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kẹjọ rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì Gíga náà rẹ́rìn-ín, kò fi ṣe ìkà. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, arúgbó mìíràn lórí bẹ́ẹ̀dì yìí kan náà ti búra pé òun ti jẹun, ebi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un dákú. Ó fi sùúrù ṣàlàyé pé òun ti wo inú kọ̀ǹpútà, kò sí i níbẹ̀. Ó rọra mú ọwọ́ bàbá kan kúrò lára aṣọ. Ìkejì ti ń rẹ̀.

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ fẹ́ sọ̀rọ̀, èémí kò jẹ́. Ó di irin bẹ́ẹ̀dì mú, irin náà sì ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀ tí àwọn méjèèjì fi yíjú.

"Bàbá ń sọ òtítọ́," ni ó wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, mo ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Kọ̀ǹpútà ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Èmi ni mo kọ ohun tí kọ̀ǹpútà ń sọ. Irọ́ ló ń pa. Èmi ni mo kọ́ ọ."

Nọ́ọ̀sì Gíga wò ó, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ kan tí kò wọ bàtà, ó wo abẹ́rẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Fóònù ṣì ń dún. Ó dé abẹ́rẹ́ náà, ó gbé e sínú àwo, ó lọ gbé fóònù. Láti ibi tí ó wà, Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ń gbọ́ ohùn olórí nọ́ọ̀sì, ó sì rí i bí ẹ̀yìn ọmọbìnrin gíga náà ṣe tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi jókòó sórí tábìlì.

"Ìwọ lo ní kí wọ́n má gún mi?" ni Bàbá Aránṣọ bi í.

Ó lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. "Bàbá, èmi náà ni mo jẹ́ kí ó jọ pé wọn ò tíì gún yín. Iṣẹ́ tí mo ṣe láàárọ̀ ló mú ìlà yín kúrò lójú nọ́ọ̀sì. Díẹ̀ ló kù kí n pa yín lára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Arúgbó náà ronú sí i. Kò sọ pé òun kò bínú. Ó ní, "Jókòó. Ẹsẹ̀ tìẹ ń gbọ̀n ju tèmi tí wọ́n là lọ."

Ó jókòó. Kò tíì tán. Ogójì orúkọ ló kù, àwọn nọ́ọ̀sì àárọ̀ tí wọ́n dá padà lẹ́nu ọ̀nà sì ń lọ láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú àwọn ti ọ̀sán, wọ́n ń fẹnu sọ ọ́ bí àtijọ́: èyí gbà á, èyí gbà á. Nígbà tí aago méjì àbọ̀ kọjá díẹ̀, olórí nọ́ọ̀sì ti fàmì sí ogójì. Ẹnì kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù, obìnrin kan ní yàrá kẹwàá, nọ́ọ̀sì rẹ̀ ti wọ bọ́ọ̀sì, kò gbé fóònù. Nọ́ọ̀sì ọ̀sán ibẹ̀ sì sọ pé kò dá òun lójú, òun rò pé òun ti fún un ní nǹkan kan kí wọ́n tó pè. Nǹkan wo? Kò rántí, ẹ̀rù ti ba òun náà. Ogójì ìṣẹ́jú ni dókítà fi dúró ti obìnrin yẹn, tí Ìyá Kọ́kọ́rọ́ sì dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí ó ń wo ìka ọwọ́ dókítà lórí ọrùn ọwọ́ aláìsàn. Lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì inú bọ́ọ̀sì pè, ó ń bínú pé wọ́n jí òun lójú oorun. Ó ní omi oògùn orí fífọ́ nìkan ni òun gbé kalẹ̀ kí nọ́ọ̀sì ọ̀sán fún un, kì í ṣe ọ̀kan náà. Olórí nọ́ọ̀sì fàmì sí i. Ó pe mọ́kànlélógójì, kò sí ẹni tí ó gbà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ padà lọ mú bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìyàwòrán egungun.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi wádìí rẹ̀. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kò yọ ohun tí ó sọ fún ọ̀gá kúrò, kò sì yọ ohun tí ọ̀gá sọ fún un. Ọ̀gá kò kí i mọ́. Wọ́n fún un ní lẹ́tà ìkìlọ̀, wọn kò lé e. Ó gbọ́ pé olórí nọ́ọ̀sì ló sọ níbi ìpàdé pé bí wọ́n bá lé ẹni tí ó wá sọ, èyí tó bá kàn kò níí wá sọ. Olórí nọ́ọ̀sì kò sọ èyí fún un rárá. Ohun tí ó sọ fún un ni pé nọ́ọ̀sì yàrá kẹsàn-án ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn lọ gba èsì ẹ̀jẹ̀, ìgbà wo ni ó fẹ́ tún un ṣe?

Ẹ̀rù bà á láti fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ mẹ́rin ni ó fi ń ṣí ojú ìwé náà tí ó tún ń pa á dé. Nígbà tí ó kọ ọ́, kò to nǹkan kan. Ètò tuntun náà ń bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, ó ń mú nọ́ńbà kan, ó ń wo èyí tí ó ti kọjá lẹ́yìn. Bí ó bá ti rí i rí, yóò jù ú nù, bí kò bá rí i rí, yóò fi í sílẹ̀ sí ibi tí ó bá a. Kò yá tó ti àkọ́kọ́. Ẹni iwájú wà níwájú. Kí ó tó tú u sílẹ̀, olórí nọ́ọ̀sì gbé àga tirẹ̀ wá sí ọ́fíìsì tí ògiri rẹ̀ ń gbóná, ó mú ìwé kan tí ó kọ ilé gbogbo nọ́ọ̀sì sí, ó sì ní kí ó máa pè é. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ń ka ẹgbẹ́ iwájú, olórí nọ́ọ̀sì ń fàmì sí i. Ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá. Ọ̀sán gbogbo ló gbà.

Ní aago mẹ́wàá ọjọ́ kejì, ó tẹ bọ́tìnì. Láti ìgbà yẹn dé aago méjì, kò lè jẹun, kò lè jókòó. Nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó gòkè lọ sí yàrá kìn-ín-ní, ó dúró ti tábìlì, ó bẹ nọ́ọ̀sì ọ̀sán pé kí ó ka èyí tí nọ́ọ̀sì àárọ̀ kọ sókè. Ó lọ sí ìkejì, ó lọ sí ẹ̀kẹta. Ní yàrá kẹrin, Nọ́ọ̀sì Gíga ṣí ojú ìwé bẹ́ẹ̀dì keje. Ẹlòmíràn ló wà lórí rẹ̀ báyìí, ọkùnrin kan tí ó ń sùn, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ kò wo kọ̀ǹpútà. Ojú ọmọbìnrin náà ló ń wò.

"Abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì," ni Nọ́ọ̀sì Gíga kà, "aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Wọ́n ti fún un."

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kọjá sí yàrá karùn-ún.